Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Sùn Níwájú Òkè Yìnyín

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Lichtenberg, ní Berlin, ariwo ni ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ nílé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín ń ṣe iṣẹ́ òru, ẹ ó ti mọ ohun tí mò ń sọ. Hamburg ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ní Billbrook, nínú ilé ìkẹ́rù ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹja àti ẹran dídì sí. Ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi máa ń wálé. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, oorun á sì gbé wọn lọ títí di àkókò ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún ti wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ẹ̀yìn bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo mọ̀ ju ojú wọn lọ.

Tí wọ́n bá ti ń sùn, ńṣe la máa ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi mọ bí a ṣe ń fọ abọ́ tí ṣíbí kan kò ní kan ìkejì. A tiẹ̀ dá eré kan sílẹ̀, eré odi: ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló máa gbá ilé ìdáná. Káyọ̀dé ló máa ń gbá a. Ẹni tó bá jí bàbá, á kúnlẹ̀, á kọjú sí ògiri, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí apá á fi fẹ́ já. Àwọn àgbà ló ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Màmá mi ti fi bàbá rọ́pò ìyá nínú òwe yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń pa á fún wa.

Kreuzberg ni màmá mi ti ń tún ilé ìtajà kọfí kan ṣe. Àwòrán kan wà lára ògiri ibẹ̀: ìlú kékeré kan létí òkun ní Norway, ilé pupa, ilé ofeefee, òkè yìnyín lẹ́yìn wọn. Màmá mi ní àwọn ti nu gíláàsì àwòrán yẹn títí, ó yẹ kí àwọn lọ fojú ara àwọn rí ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rò ó nílé wa pé ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbọ̀n nínú yìnyín la fẹ́ mú lọ wo yìnyín.

Bàbá mi pè mí, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, nínú ọkọ̀ ojú omi tí a máa wọ̀ lọ wo yìnyín yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹ ni màá jókòó sí. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀, a jọ máa wò ó ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Káyọ̀dé ń sọ̀rọ̀ ẹja àbùùbùtán ṣáá. Ní tèmi, bàbá tí ojú wọn là sílẹ̀ ni mo fẹ́ rí.

Láti ẹnu Schicht, iṣẹ́ òru wọn, ni bàbá mi ti wá bá wa nídìí bọ́ọ̀sì, ojú wọn pọ́n koko. Màmá mi ti di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín àti dòdò tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló gbọ́ òórùn oúnjẹ wa. Nígbà tí a dé ìlú náà lẹ́yìn ìrìn tó tán wa lókun, òórùn iyọ̀ àti ti ẹja ló kí wa káàbọ̀. Ẹyẹ òkun funfun kan já ẹran gbà lọ́wọ́ Káyọ̀dé, màmá mi sì kígbe "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tí àwọn òyìnbó fi wò wá.

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi, bàbá mi jókòó tì mí lóòótọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọkọ̀ kò tíì jìnnà sí èbúté tí ọwọ́ wọn fi dẹ̀ nínú tèmi, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń hanrun.

Ẹran omi bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ kan ń yá oòrùn lórí àpáta. Ẹ̀yìn àbùùbùtán yọ lójú omi, ó dúdú, ó ń dán. Káyọ̀dé pariwo, "Papa, guck mal!", pé kí bàbá wá wò ó. Màmá mi fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Nígbà tó yá, òkè yìnyín náà yọ sí wa. Mo ti rò pé funfun ni, àṣé aró ló jọ. Apá kan ya lára rẹ̀, ó bọ́ sómi, ó dún bí ààrá. Gbogbo ọkọ̀ hó yèè. Màmá mi bọ́ ìborùn ọrùn wọn, wọ́n fi wé orí àti etí bàbá mi, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kí ariwo má baà wọlé.

Mo bẹ̀ wọ́n. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jí wọn. Wọ́n ṣèlérí fún mi."

"Àdùkẹ́, inú yìnyín ni daddy yín wà láti Monday títí di Friday. Kí ló kù tí wọ́n tún fẹ́ wò níbẹ̀? Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi."

Mo sunkún, mo sì sun ún láì pariwo. Ìgbà tí ọkọ̀ ti yí padà, tí kùrukùru ti bo òkè náà, ni bàbá mi jí. Wọ́n ní, "Ṣé a ti dé ni?" Màmá mi ní a ti ń padà. Bàbá mi wo ojú òkun, wọ́n wo ojú mi. "Ó dáa náà?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Èmi náà ti di nọ́ọ̀sì ní Hamburg báyìí, iṣẹ́ òru sì ti sọ mí di ẹni tí ó ń tòògbé lórí ìdúró. Lọ́dún yìí, mo mú ọmọ mi, Ìtùnú, lọ sí ìlú kan náà. Yìnyín yẹn ti fà sẹ́yìn gan-an sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí mo jókòó sínú ọkọ̀ tí oorun gbé mi lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni "Mama, wach auf! Jetzt!", pé kí n jí kíákíá, tí ọmọ náà ń fi gbogbo agbára mì mí. Ìbínú ló kọ́kọ́ gbé mi. Lásìkò tiwa, ìkúnlẹ̀ ni! Mo la ojú, mo sì rí i, bí yìnyín ṣe ń ya, tí inú ọmọ mi ń dùn pé a jọ rí i. Ó ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bú sẹ́kún.

Àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ pé a kì í jí àgbà. Tiwa, kí òbí ṣáà rí oorun sùn ni ìfẹ́ tí a mọ̀. Mo pe bàbá mi ní Lichtenberg, mo ròyìn fún wọn ohun tí Ìtùnú ṣe, mo rò pé wọ́n á ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́.

Wọ́n ní, "Ó káre. Ó wu èmi náà kí ẹ jí mi lọ́jọ́ yẹn."