Bàbá Múfú, Alágbẹ̀dẹ Ẹ̀rọ Ẹ̀pà

Háà, Bàbá Múfú, ó wá di ìgbà wo nìyẹn? Làsísì Àkànní, alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọkọ tí mo fi gbogbo ẹnu pè ní ọkọ mi, ẹ lọ, ẹ ò dágbére. Àwọn ọmọ yín ti sọ ti oore yín, àwọn mọ̀lẹ́bí ti sọ ti ìwà yín. Ní tèmi, ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín láti ọdún pípẹ́ wá, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí a tó parí àdúrà fìdáù yín.

Gbogbo Ṣakí ló mọ ẹ̀rọ yín tó ń pa ẹ̀pà. Àwọn tó ń wá rà á láti Ìsẹ́yìn àti Òkèhò rò pé ọjọ́ kan ni ẹ jí tí ẹ rọ ọ́. Wọn ò mọ ohun tó gbà. Kò tíì pẹ́ tí a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sí náírà nígbà náà. Ẹ rí bí àwa obìnrin agboolé ṣe ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀pà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀rùn, ẹ ní ìyà náà tó gẹ́ẹ́. Ẹ fi èédú ya ẹ̀rọ kan sára ògiri àgbẹ̀dẹ, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un yà. Ẹ gé àgbá epo. Ẹ yọ pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ yín, kẹ̀kẹ́ tí ẹ fẹ́ràn jù mí lọ, ẹ fi ṣe ọwọ́ tí a ó máa fi yí i.

Nígbà tó parí, ẹ gbé e fún wa pẹ̀lú àpò ẹ̀pà kan, ẹ ní kí a lò ó fún ọjọ́ méje kí a wá sọ bó ṣe rí. Bàbá Múfú, ẹ̀rọ náà burú. Ó ń rún ẹ̀pà wómúwómú, ó sì ga débi pé a kò lè jókòó yí i. Ṣùgbọ́n ọkọ ilé ni ẹ jẹ́ fún gbogbo wa. Ìyàwó ilé wo ni yóò wojú ọkọ ilé kó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dáa? A lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a fi ọwọ́ pa gbogbo àpò ẹ̀pà náà, a fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, a gbé e wá bá yín. Ẹ bu ẹ̀pà náà sọ́wọ́, ẹ rí i ní odindi, inú yín dùn títí ẹ fi ra ẹran fún wa jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin jọ láti rọ mẹ́wàá sí i.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rọ mẹ́wàá tí kò wúlò, orúkọ yín ni yóò bàjẹ́. Mo wá bá yín ní àgbẹ̀dẹ, mo ní àwọn obìnrin yẹn ló fi ọwọ́ pa á. Àwọn obìnrin yẹn ni mo pè é. N kò sọ pé èmi ni mo dá a lábàá, pé èmi gan-an ni mo pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìgànná, níbi tí wọn kò ti mọ̀ yín, ẹ sọ fún àwọn obìnrin ibẹ̀ pé àlejò kan ló rọ ọ́, pé ẹ kàn ń bá a gbé e kiri ni. Ẹ jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí tí a ti ń rí òrí, ẹ̀ ń gbọ́. Wọ́n bú alágbẹ̀dẹ náà bí ẹni láyin. Ọ̀kan tiẹ̀ bèèrè pé, "Ẹni tó rọ irin yìí, ṣé kò níyàwó ni, àbí ìyàwó ọ̀hún ò lẹ́nu?" Ẹ fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi nígbà tí ẹ dé. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ gé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kúrú. Ẹ fi rọ́bà táyà bo irin inú rẹ̀, ẹ fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì sí i kí a lè fún un mọ́ra fún ẹ̀pà wẹ́wẹ́, kí a sì dẹ̀ ẹ́ fún èyí tó tóbi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ padà lọ gba èébú ní Ìgànná, kí wọ́n tó ní kí ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún àwọn. Láti ìgbà náà, ẹ kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá iṣẹ́ yín dáa. Ẹ máa ń ní, "Ibi tó kù sí ni kí ẹ sọ fún mi, ibi tó dáa kò ní sá lọ." Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ ni ojú ń tì mí, ẹnu mi kò sì gbà á láti jẹ́wọ́.

Níjẹta, Múfú ṣí àpótí irinṣẹ́ yín. Bébà àpò sìmẹ́ńtì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ yín ni ẹ fi kọ ọ́. Mo ní kó kà á fún mi. Ohun tí ẹ kọ ni pé: "Ìyá Múfú wá sọ òótọ́ fún mi lónìí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti bó. N kò ní bi í."

Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyí sá fún ohun tí ẹ ti dárí rẹ̀ jì mí kí n tó kúrò níwájú yín. Kí Ọlọ́hun bo àṣírí yín bí ẹ ṣe bo tèmi, kó fi Àlùjánńà kẹ́ yín. Ẹ sinmi, Àkànní. Ẹ sùn re, ọkọ mi.