Àdá Ọwọ́ Òsì

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi, bàbá mi sì sọ ọ́ di ogun. Tí mo bá fi òsì mú ṣíbí, wọ́n á fi ọmọrogùn gbá mi lọ́rùn ọwọ́. "Òsì ò jìnnà sí òṣì," wọ́n á ní, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá èdè Yorùbá sílẹ̀.

Nígbà yẹn ilẹ̀ Iba ṣì pọ̀ tí wọ́n ń dáko sí. Ayàwòrán kan wá rẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Okokomaiko, ọ̀dà rẹ̀ ń rùn bíi kẹrosíìnì. Ó ní àgbẹ̀ lòun fẹ́ yà, òun ò ya olówó. Bàbá mi mú un lọ sóko ẹ̀gẹ́ wọn.

Nígbà tí àwòrán gbẹ, bàbá mi pe pásítọ̀ àti gbogbo ayálégbé wá wò ó lẹ́yìn ìsìn. Nínú àwòrán náà, màmá mi ń bó ẹ̀gẹ́, gèlè ti yẹ̀ lórí wọn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò tó ya nídìí, wọ́n ń ṣánko. Gbogbo èèyàn ń yìn ín, àfi pásítọ̀ tó sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ṣé òsì lẹ fi ń mú àdá ni?"

Bàbá mi ní kí ayàwòrán náà tún un yà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo rí ni mo yà."

Bàbá mi bá fìbínú gbé àdá, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ṣán koríko ẹ̀yìnkùlé kí ayé lè rí i. Àdá bọ́, ó lọ gún kẹ́ẹ̀gì omi màmá mi, omi ń tú dànù.

"Ẹ dákun, ẹ padà sí ọwọ́ yín," ni màmá mi wí, "kí n lè rómi dáná."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ìgbà tó yá ni inú wá bí mi. Kí ni mo ń jẹ ọmọrogùn fún látọjọ́ yìí?

Nírọ̀lẹ́, a jókòó ti ìrẹsì, àwòrán wà lára ògiri lókè orí bàbá mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi òsì mú ṣíbí, mo sì ń wo ojú wọn. Wọn ò na ọwọ́ sí ọmọrogùn. Wọ́n ní okùn ni bàbá àwọn fi de ọwọ́ yẹn mọ́ àwọn lára, títí àwọn fi mọ ọ̀tún lò. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rọra pààrọ̀ ṣíbí sí òsì.

"Tí àlejò bá kanlẹ̀kùn," wọ́n ní, "ká tètè pààrọ̀ ọwọ́ o."