Sátidé Tá A Fi Retí Fóònù

Ọkọ mi ló ní ká pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó ní ìdúpẹ́ tá a bá ṣe ṣáájú ló ń mú ire yá kánkán. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọ wa lórí fóònù ná, ó ní èmi ò nígbàgbọ́. Báyìí la ṣe kó àwọn àgbààgbà jọ sí pálọ̀ wa ní Lawrenceville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án Sátidé, tí ìrẹsì kún inú kúlà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú draft ni, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ yìí, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, máa ń yan àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọ á pè ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó kéde orúkọ rẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àkọ́bí mi gbé fóònù tirẹ̀ lé orúnkún. Láti kékeré ni kò ti fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Baba rẹ̀ gbà pé ẹni tó bá mọṣẹ́, iṣẹ́ á wá a wá. Nọ́ọ̀sì ni èmi, ojú mi ti rí tó. Mo ti tọ́jú àwọn méjì tí àìsàn wọn ò yàtọ̀, tí oògùn wọn ò yàtọ̀. Ọ̀kan fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, a fi aṣọ bo èkejì lójú. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń yan èèyàn wá wo ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè kó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò borí rẹ̀ rí nínú eré sísá, ìgbà tí oòrùn ti gbẹ pápá ló kàn án.

Fóònù dún. Gbogbo wa fò dìde. Pásítọ̀ ti na ọwọ́ sókè.

"Hello? Ẹ káàsán, Aunty. No ma, they never call. Yes ma. Àmín ma."

Àbúrò ọkọ mi ni, láti Èkó, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti pè. Kò pẹ́ tó tún dún: Uncle kan ní Fayetteville, ìbéèrè kan náà. Mo ní kó má gbé e mọ́.

"Mummy, àgbà ni wọ́n now."

Èmi náà ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́, ó sì kí i lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Inú bí mi sí ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ mí.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ka orúkọ tó kẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó mọ́tò. Ọkọ mi ṣí kúlà, ó ní ká jẹun. Pásítọ̀ ní, "My son, e go better. Àkókò Ọlọ́run ló dára jù." A jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ, ọmọ mi tẹ̀lé wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ ṣé sir, ẹ ṣé ma. Thank you for coming." Wọ́n súre fún un, wọ́n yìn wá pé a tọ́mọ yanjú, wọ́n wọ mọ́tò wọn.

Ọmọ mi ò dìde. Baba rẹ̀ sọ fún un pé wọ́n ti lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí èjìká ńlá rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Mummy," ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, "kí ló kù tí mi ò ṣe?"

Kò sí nǹkan kan tó kù, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.