Òòyì, Àwo Oparun Tí Ń Yí Nílé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àgbọ̀n mi àti etí tábìlì dọ́gba, bàbá mi jáde lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ ra gílóòbù iná ní àdúgbò Adébáyọ̀. Wọn kò ra gílóòbù bọ̀. Àwo oparun ńlá kan ni wọ́n gbé há abíyá, ó rí rìbìtì bí ìdérí ìkòkò àsè, ó sì ní ẹsẹ̀ irin kúkúrú kan lábẹ́. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tì í, àwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àtùpà la tàn jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wa ń yí.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ bí a ṣe ń jẹun nígbà náà. Iyán á máa yọ èéfín, ẹ̀fọ́ rírò á máa ta sánsán, ọmọdé á sì máa fi ojú sin ẹran dé ibi tó ń lọ. Ìjà ẹran kì í tán nílé wa. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì, gbà pé oògùn ìjà ti dé. Wọ́n ní kí a máa to gbogbo abọ́ sórí àwo náà, kí oúnjẹ máa yí lọ bá kálukú, kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ kọjá iwájú ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n ní, "Ayé fúnra rẹ̀ ń yí. Kí ló dé tí ọbẹ̀ kò ní yí?"

Ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá Ìjàn là ń pè wọ́n, nítorí Ìjàn ni wọ́n ti wá. Wọ́n wo àwo náà títí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń gún uṣu ní ulé ọkọ àwọn, àwọn kò rí ọbẹ̀ tó ń sá fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ rí. Wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn. Bí àwo náà ṣe gba orúkọ nìyẹn: Òòyì.

Bàbá mi ṣe òfin fún Òòyì. A kò gbọdọ̀ yí i kí a tó ṣe àmì àgbélébùú. Apá ọ̀tún nìkan la lè yí i sí. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá wà nínú abọ́, a ó dúró dè é. Èyí tó wá le jù ni pé ohun tó bá dúró síwájú rẹ ni tìrẹ, o kò sì gbọdọ̀ ráhùn. Òfin yìí ló sọ oúnjẹ di tẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́mi, tí wọ́n máa ń fi omi jí lọ sí Mísà, di olùfọkànsìn lójijì. Kí àwo tó yí, á di ojú pinpin, á máa bẹ ẹni mímọ́ tó ń bá ènìyàn wá ohun tó sọnù pé kí wọ́n bá òun wá itan adìẹ. Èmi náà á máa gbàdúrà kí wọ́n má gbọ́ tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Ọrùn adìẹ ló ń dúró síwájú mi.

Ẹni tó bá yí Òòyì ní ìyíkúyìí, ìyà rẹ̀ ni pé òun náà á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á máa yí lójú kan títí bàbá mi á fi ní ó tó. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Fẹ́mi jọ ń yí níbẹ̀ bí òkòtó, ìyá àdúgbò kan yọjú lórí ògiri. Wọ́n bi ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, bóyá oògùn aràn ni wọ́n fún wa lò.

Màmá Ìjàn ní tiwọn kò tẹ̀lé òfin kankan. Bí abọ́ tó wù wọ́n bá ti dé iwájú wọn, wọn á fi orí ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn tẹ etí àwo mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin. Òòyì á dúró sójú kan, ohun tó bá wà níwájú kálukú ni yóò sì máa jẹ. Mo ti fi omi lásán jẹ iyán rí nítorí ọ̀pá yẹn.

Àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ Òòyì di ńlá ni ọjọ́ Àǹtí Dúpẹ́. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Bọ̀dá Ṣẹ́san, ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì kan ní Ìgbẹ́mọ̀, fẹ́ fẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bàbá Bọ̀dá Ṣẹ́san kò tíì gbà. Bàbá Ìgbẹ́mọ̀ yìí ní àwọn yóò kọ́kọ́ wá jẹun nílé wa, kí àwọn wo irú ènìyàn tí a jẹ́. A ti gbọ́ pé wọn kì í rẹ́rìn-ín, kódà níbi ìkómọ.

Àǹtí Dúpẹ́ kúnlẹ̀ fún bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kàn gbé oúnjẹ fún wọn bí gbogbo ayé ṣe ń gbé e."

Bàbá mi ní àwọn kò lè fi ọ̀làjú pamọ́ fún àlejò. Wọ́n tilẹ̀ fi àdín kun ìdí Òòyì, nítorí ó máa ń dún bí eku tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n sì gba ọ̀pá Màmá Ìjàn, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ojú má bàa tì wá.

Àwọn àlejò dé nínú aṣọ funfun. Ìyá mi to iyán, ẹ̀fọ́ àti adìẹ sórí àwo. Iwe adìẹ, tí í ṣe ẹ̀tọ́ àgbà, ni wọ́n fi síwájú Bàbá Ìgbẹ́mọ̀. Èmi di agolo omi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Àǹtí Dúpẹ́ wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mò ń rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ìgbẹ́mọ̀ ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n na ọwọ́ sí iwe. Ọwọ́ ẹ̀wù wọn kan etí àwo. Àdín ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Wùràwùrà ni Òòyì yí, ó sì dúró. Iwe wà níwájú Màmá Ìjàn. Màmá Ìjàn mú un, wọ́n jù ú sẹ́nu.

A ń gbọ́ bí iwe ṣe ń ró kàkà lẹ́nu wọn.

"Ìyá," ni Bàbá Ìgbẹ́mọ̀ wí, "iwe mi lẹ ń jẹ yẹn."

Màmá Ìjàn gbé e mì. "N ò lọ bá a. Òun ló wá bá mi."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Àǹtí Dúpẹ́ ti ki gèlè bọ ẹnu. Bàbá mi fò dìde láti ṣàlàyé pé bí ayé ṣe ń yí ló rí, wọ́n sì gbá àwo náà kí ó lè yí padà. Wọ́n gbá a jù. Ẹ̀fọ́ fò kúrò nínú abọ́, ó sì bà sí àyà aṣọ funfun Bàbá Ìgbẹ́mọ̀ pẹ̀lú epo rẹ̀. Bọ̀dá Ṣẹ́san fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo rò pé ìgbéyàwó ti tú.

Bàbá Ìgbẹ́mọ̀ wo àyà wọn. Wọ́n wo àwo. Wọ́n na ìka kan, wọ́n rọra tì í, wọ́n ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo eku, títí itan adìẹ tó wà níwájú bàbá mi fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n mú un, wọ́n gé e jẹ. Ohùn kan jáde lọ́nà ọ̀fun wọn, ó jọ ti ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀rín ni. Àwọn àti Màmá Ìjàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí Òòyì mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan ń jí ẹran èkejì, títí kò fi ku egungun lórí àwo. Bọ̀dá Ṣẹ́san kò fi ẹran kan ẹnu.

Nígbà tí wọ́n fọ ọwọ́ tán, Bàbá Ìgbẹ́mọ̀ ní, "A ó fẹ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń yí yìí á bá ìyàwó bọ̀."

Bàbá mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ rò ó.

"Bàbá Fẹ́mi!" ni ìyá mi kígbe. "Ẹ ń rò ó? Àbúrò yín ni!"

Tọkàntara ni bàbá mi fi rò ó, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì gbà níkẹyìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a fi aṣọ di Òòyì mọ́ ẹrù ìyàwó. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, bàbá mi sunkún bí ọmọdé. Àwọn ará ìjọ ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún pé àbúrò wọn kò lọ jìnnà, Ìgbẹ́mọ̀ náà nìyẹn. Àwa nílé la mọ ẹni tí wọ́n ń sunkún lé lórí.

Èmi náà ti di ìyálé ilé ní Adó báyìí. Nígbà tiwa, bí o bá ṣẹ́jú, ẹran rẹ ti lọ. Àwọn ọmọ tèmi, kálukú á bu oúnjẹ tirẹ̀, á wọ yàrá, á gbé fóònù ti abọ́. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orí ẹja àrọ̀ sílẹ̀ gbangba nínú abọ́ mi, mo lọ pọn omi. Ó pẹ́ kí n tó padà. Orí ẹja wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, àbíkẹ́yìn mi sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ, o ò rí ẹja yìí ni?"

"Mo rí i, Mọ́mì," ó dá mi lóhùn. "Tiyín ni."

Mo jókòó, mo jẹ ẹ́.