Ìka Tó Kú ní Yàrá Ìyẹ̀fíìmù-wò

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ludmila Hruska fi yẹ fíìmù wò ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá kan ní ìlú Ọ́máhà, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ojú kọ́ o, iṣẹ́ ìka ni. Bí fíìmù bá ti ilé sinimá kan dé, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ, yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, etí fíìmù á sì máa sáré kọjá láàárín ìka méjì lọ́wọ́ òsì. Ibi tó bá ti ya, ìka á mọ̀. Á gé ibẹ̀, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, á fi ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà keje, sínú agolo, fíìmù á tún gbéra lọ sí ìlú mìíràn.

Obìnrin mọ́kànlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta fíìmù àtijọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn èèyàn jókòó sílé wọn, àwọn obìnrin náà ku mẹ́ta. Ó ku oṣù mẹ́rìnlá kí Ludmila fẹ̀yìn tì, kó máa gba owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ti jẹ ìka rẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ da yanrìn sí gààrí ara rẹ̀?

Nínú oṣù Kẹta, fíìmù kan ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ ní Almont, ìlú àgbẹ̀ tí kò ní ju ilé sinimá kan lọ. Orville Tesch tó ni ilé náà kọ lẹ́tà. Ọ̀gá Pruitt kà á sókè fún àwọn obìnrin náà.

"Ẹ gbọ́ o: 'Ìwé nọ́ńbà keje ló wà nínú agolo. Nọ́ńbà keje ò já mi kulẹ̀ rí. Ẹ̀rọ tèmi ló máa jẹ́. Ẹ má bínú.' Háà! Ọkùnrin yìí ti fẹnu ara ẹ̀ dá ara ẹ̀ lẹ́bi. A ò ní fi fíìmù ránṣẹ́ sí i mọ́."

Opal, obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kángun sí ti Ludmila, fi ìgúnpá gún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lólólùfẹ́ ní Almont, ẹ ò sọ fún wa!"

Ludmila ò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í gidigidi. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí fíìmù ò bá dé Almont mọ́, Orville á ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Irọ́ ni lọ́jọ́ yẹn! Bí Ludmila bá dákẹ́, tara Orville ló máa bá a dákẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí kò fọwọ́ kàn, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, èmi ni mo jẹ́ kí fíìmù Almont kọjá."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ìyá Hruska, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín. Ọkùnrin náà ti gbà pé òun ni."

"Ẹ fi fíìmù méjì sí mi lọ́wọ́, ọ̀kan tó ya, ọ̀kan tí ò ya." Ó di ojú.

Pruitt rẹ́rìn-ín, ó ṣa àjákù fíìmù méjì nílẹ̀, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. Ludmila fi ìka ra wọ́n, ó pẹ́.

"Èyí tó wà lápá ọ̀tún ló ya."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọ̀gá. "Àwọn méjèèjì ló ya, Ìyá. Ó ya dé àárín."

Ludmila la ojú, ó wò wọ́n.

"Oṣù mẹ́rìnlá péré!" Pruitt pariwo. "Kí ló dé tí ẹ ò panu mọ́? Ẹ tiẹ̀ mọ ọkùnrin náà ni?"

"Mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́."

Pruitt kọ lẹ́tà sí Almont pé fíìmù á máa bọ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó kọ èkejì fún Ludmila, lẹ́tà ìyọníṣẹ́, nítorí ẹni tí ìka rẹ̀ bá ti kú kì í jókòó sí tábìlì yẹn. Ludmila mú kóòtù rẹ̀. Opal pè é, kò wẹ̀yìn. Inú bọ́ọ̀sì ló ti sunkún, ó sunkún débi pé bọ́ọ̀sì gbé e kọjá àdúgbò rẹ̀, kò mọ̀.