Ìgò Bíà Kan

Ìlera fún gbogbo ènìyàn kí ọdún 2000 tó dé: èmi gan-an ni mo fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ sára ògiri ilé ìtọ́jú wa ní Ìnísà. Wọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ti péjọ, wọ́n sì ti fẹnu kò sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì nígbà náà, orí mi sì wú. Tí mo bá wọ yúnífọ́ọ̀mù funfun mi, àfi bíi pé èmi ni wọ́n gbé ọdún náà lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Omi tó ti hó tó sì ti tutù, ìgò bíà kan. Ṣúgà, ṣíbí kékeré mẹ́wàá. Iyọ̀, ṣíbí kan péré. Orin la fi ń kọ́ wọn, àwọn ìyá á sì máa pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Òkukù, ó pọn ọmọ rẹ̀. Alàgbà ni ọkọ rẹ̀ nínú ìjọ Aládùúrà; òórùn ọtí kì í wọ ilé wọn, ká má tilẹ̀ sọ ti ìgò rẹ̀. Ó dúró dè mí títí àwọn èèyàn fi tú ká.

"Àbúrò mi, ṣé kò sí ìgò mìíràn tí a lè fi wọ̀n ọ́n? O ṣáà mọ ilé wa."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgò ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ní kí alàgbà gbàdúrà sí i!"

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ọ̀já rẹ̀ so, ó sì lọ wọ mọ́tò. Inú mi dùn pé mo dá a lóhùn dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí tèmi já bọ́.

Nígbà òjò, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Omi lásán ni ẹ̀gbọ́n mi ń fún un fún ọjọ́ méjì. Kò sí ìgò bíà nílé, ẹ̀rù sì ń bà á láti ṣi iyọ̀ wọ̀n, torí èmi náà ni mo kọ́ wọn pé iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìkìrun, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò lè sunkún mọ́. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀. Mo sunkún débi pé ẹ̀gbọ́n mi ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú ń tì mí láti wo ògiri yẹn.

Ó lé lọ́dún kan kó tó tún bímọ, ó sì gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ wa. Mo ń kọ́ àwọn ìyá lọ́wọ́. Obìnrin kan ní òun kò ní ìgò bíà. Láìronú, mo dá a lóhùn pé ìgò mínírà méjì náà ṣe é, ọ̀kan náà ni omi wọn. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè, ẹ̀fẹ̀ ló yá mi lẹ́nu.

Mo rí i tó nawọ́ sókè lẹ́yìn, bí àwọn ìyá yòókù ṣe máa ń nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì," ló wí, "láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò pè mí ní "ìwọ" mọ́.