Etí Marlys Vandersloot

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Ènìyàn mọ́kànlá.

Marlys Vandersloot ló ṣáájú wọn wọ igbó láti wo ẹyẹ àti láti gbọ́ ohùn wọn, bó ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé ìgbà òtútù láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọléèwé. Yìnyín ti bo ilẹ̀ Wisconsin. Adágún àkọ́kọ́ ti dì gbagidi. Ìkejì ṣì ní ojú omi díẹ̀ tí kò tíì dì láàárín, èéfín funfun ń rú lórí rẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wọ inú èéfín náà, wọ́n ń jáde, bí ohun tí ènìyàn ń rí lójú àlá.

Igbó dákẹ́. Létí Marlys, ó dákẹ́ ju bó ṣe dákẹ́ létí àwọn yòókù lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á. Ẹyẹ aládé wúrà, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni etí àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Nítorí náà ló ṣe bẹ Roland Jaeckel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn:

“Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ọ tí n ò gbọ́, sọ fún mi. Màá gbé ìrìn yìí fún ẹlòmíì. N ò fẹ́ di ẹni yẹ̀yẹ́.”

“Èmi ni màá kọ́kọ́ fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́,” ni Roland wí.

Roland kò tíì sọ nǹkan kan.

Lábẹ́ àwọn igi páínì, Marlys dúró. Ó fi awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ yẹ igi kan wò láti orí dé ìdí. Ẹyẹ aládé kì í dúró lójú kan. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ̀ka á mì, yìnyín á sì dà. Ẹ̀ka kankan kò mì. Ó nàka sókè.

“Ẹ ń gbọ́ wọn? Aládé ni, lókè lọ́hùn-ún.”

“À ń gbọ́ wọn, Màmá,” ni Tenley wí, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń rìn tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin kan tilẹ̀ di ojú, ó ń mi orí.

“Roland, ìwọ ńkọ́?”

Roland ń wo bàtà rẹ̀. “Wọ́n ń ké dáadáa.”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni Marlys wí. “Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Tenley ló fèsì. “A ò fẹ́ kó dùn yín ni, Màmá.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti Sátidé kan lóṣù tó kọjá. Wọ́n kún orí igi lọ́jọ́ náà. Ẹ rìn kọjá lábẹ́ wọn.”

“Ọjọ́ tó dáa ni mò ń wá tí màá fi sọ fún ẹ,” ni Roland wí.

“Ọjọ́ tó dáa wo? Ọjọ́ ìsìnkú mi?”

Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ kò dénú. Àánú ni wọ́n pè é. Olè ni: wọ́n jí oṣù kan gbáko lọ́wọ́ obìnrin yìí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Marlys ní kí Tenley bọ́ síwájú. Òun fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Yìnyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó rọra ń pa ipa ẹsẹ̀ wọn rẹ́, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn iwájú sì di òjìji láàárín igi. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí adágún, Tenley dúró, ó yíjú padà.

“Màmá, nǹkan kan ń ké níbí. Ẹ ò lè gbọ́ ọ.”

“O ṣeun,” ni Marlys wí.

Ìwọ tó ń ka èyí, ẹnì kan ti bẹ̀ ọ́ rí pé kí o sọ òótọ́ fún òun. O ṣì ń sún un síwájú. Lọ sọ ọ́ lónìí.